Òrùka tí a fi wáyà wé nínú kíìtì rédíò: ká nà á ró ni, àbí ká tẹ́ ẹ sílẹ̀?

Ará Leeds
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo yege ìdánwò Foundation, ìdánwò àkọ́kọ́ fún ìwé àṣẹ rédíò, lóṣù tó kọjá, mo sì ra kíìtì rédíò kékeré kan, ti ìgbì 40 mítà. Mo ti jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán. Òrùka mẹ́ta tó wà lójú ọ̀nà áńtẹ́nà ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá tẹ kíì Morse, agbára tó ń jáde kò tó nǹkan. Bí mo bá sì fi ìka kan òrùka àárín, á ga lójijì, á tún wálẹ̀. Mo fẹ́ da gọ́ọ̀mù gbígbóná bò wọ́n kí wọ́n má mì mọ́. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ṣé kí wọ́n dúró ni, àbí kí wọ́n dùbúlẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Houston
Àbúrò, má tíì da gọ́ọ̀mù kankan. Kì í ṣe pé òrùka ń mì ló ń ṣe rédíò rẹ. Ọ̀dà ara wáyà ni mo fura sí. Wáyà bàbà inú kíìtì kò wà ní ìhòhò, wọ́n ti fi ọ̀dà tín-ín-rín bò ó, lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó wáyà pọ̀ kì í sì í mú ọ̀dà. Ó lè yí wáyà ká, kó máa dán, kí o rò pé ó ti mú, kó sì jẹ́ pé ó kàn fara tì í lásán ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìka rẹ ló ń tún un ṣe.

Gbé mítà tí o fi ń wọn iná, yí i sí ibi tó ti ń dún bíìpù bí iná bá lè kọjá. Má fi ẹnu mítà kan wáyà fúnra rẹ̀ o. Ojú lẹ́ẹ̀dì lábẹ́ bọ́ọ̀dù ni kí o fi kàn, ọ̀kan níbi tí wáyà ti bẹ̀rẹ̀, èkejì níbi tó parí sí. Bí kò bá dún, o ti rí ọ̀tá rẹ.

Tú òrùka náà. Fi abẹ ha etí wáyà yípo, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, títí bàbà á fi hàn pupa fòò. Àwọn wáyà kan wà tí ọ̀dà wọn máa ń jó fúnra rẹ̀: bu lẹ́ẹ̀dì púpọ̀ sẹ́nu áyọ́ọ̀nù tí o fi ń jó o, bíi 380 sí 400 lórí ìwọ̀n Celsius, ki etí wáyà bọ̀ ọ́, kí o dúró díẹ̀ títí tí èéfín á fi rú. Ṣí fèrèsé, má fa èéfín yẹn símú. Bí lẹ́ẹ̀dì bá ti bo etí méjèèjì, fi mítà dán an wò kí o tó ki í bọ ihò bọ́ọ̀dù. Èmi kì í fo ibẹ̀ yẹn láéláé.

Ó dá mi lójú pé irú òrùka tí wọ́n ń pè ní T37-6, àwọ̀ yẹ́lò, ni wọ́n fún ọ, pé kí o wé wáyà ní ìgbà 21, 24, 21 sára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú ihò òrùka ni a ti ń ka iye. Gbogbo ìgbà tí wáyà bá gba inú ihò kọjá, ọ̀kan nìyẹn, ti àkọ́kọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ka ti ẹ̀yìn òrùka máa ń ṣì í fi ọ̀kan kà. Bí 24 bá di 23, ohun tó yẹ kó jẹ́ bíi 1.73 microhenry (ìwọ̀n bí wáyà tí a wé ṣe ń dènà àyípadà iná) á bọ́ sí 1.59. Ìyẹn kò kéré.

Ní ti dídúró tàbí dídùbúlẹ̀: agbára mágnẹ́ẹ̀tì òrùka kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde kúrò lára rẹ̀, méjèèjì ló dáa. Ihò bọ́ọ̀dù ni kí o tẹ̀ lé. Ní ọ̀pọ̀ kíìtì kékeré, ó máa ń dúró, wáyà kan á sọ̀kalẹ̀ níwájú, èkejì lẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ méjì. Fà á rọra lábẹ́ títí òrùka á fi jókòó lórí bọ́ọ̀dù, kí o tó jó o. Má fà á bí ọsán ọrun: etí ihò á gé ọ̀dà, ojú lẹ́ẹ̀dì á sì máa jìyà ní gbogbo ìgbà.

Àǹtí Peckham
Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá. Ẹni tó bá ti fi òwú kó irun rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. A kì í dúró dìgbà tí a bá wé e tán kí a tó fún un. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wáyà bá kọjá ni kí o fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí ọ̀kan má gun ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, tẹ́ wọn ká òrùka, kí o fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, bí ìdá kan nínú méjìlá òrùka. Àlàfo yẹn ni kì í jẹ́ kí orí àti ìdí wáyà máa bá ara wọn ṣe bíi kàpásítọ̀, ẹ̀yà tó ń kó iná pamọ́.

Gọ́ọ̀mù ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Bí o bá fún wáyà pọ̀ mọ́ra, iye microhenry rẹ̀ á ga. Bí o bá yà wọ́n, á wálẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń tún un ṣe. Bí gọ́ọ̀mù bá ti mú un, o ò lè tún un ṣe mọ́. Èyí tó sì dùn mí jù: sílíkọ́ọ̀nù tó ń rùn bí ọtí kíkan, tí wọ́n fi ń dí etí báàfù, má jẹ́ kó sún mọ́ ọn. Ásíìdì rẹ̀ máa ń jẹ bàbà. Òrùka tí mo fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ kan wé ló sọ di àwọ̀ ewé. Ìda oyin ni mo ń lò báyìí, ẹ̀kán kan péré nídìí òrùka. Bí mo bá fẹ́ tú u, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun á yọ́ ọ.

Ará Leeds
Ẹ ṣeun gan-an ni, sà. Ẹ ṣé, mà. Mítà kò dún rárá lára òrùka àárín! Nígbà tí mo tú u, 23 ni mo kà. Mo gé wáyà tuntun, bíi 35 sẹ̀ǹtímítà, mo tún un wé, mo ha etí rẹ̀. Wáàtì 4 ló ń jáde báyìí, bí mo bá sì fọwọ́ kàn án, kò yẹsẹ̀.

Mo tún ní T200-2 kan, òrùka ńlá, tí mo fẹ́ fi ṣe nǹkan fún áńtẹ́nà nínú àpótí irin. Ṣé kí n fi bóòtù irin gba àárín rẹ̀?

Ará Toronto
Rárá o, àbúrò. Bí bóòtù irin bá gba àárín òrùka, tí orí rẹ̀ kan àpótí lókè, tí ìdí rẹ̀ tún kan án nísàlẹ̀, o ti wé wáyà kan sí i láìmọ̀, o sì ti so ẹnu rẹ̀ pọ̀. Á jẹ agbára rẹ, á sì gbóná. Bóòtù náílọ́ọ̀nù ni kí o lò, kí o fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ àti sókè. Òrùka yẹn tó 5 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, ó wúwo. Má jẹ́ kí wáyà ru ẹrù rẹ̀. Bí ó bá máa wà níta, cable tie (okùn ike tí a fi ń di wáyà) dúdú ló lè fara da oòrùn ju funfun lọ.

Ará Leeds
Lọ́la ni màá ra bóòtù náílọ́ọ̀nù. Bọ̀dá Houston, Sátidé, bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́ níbí, màá wà lórí 7.030 megahertz. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dẹ etí síbẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Houston
Òru ni yóò jẹ́ níbí. Màá jí. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa pe orúkọ rédíò rẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta.