Akọ màlúù wo ni kí n mú fún àwọn ẹgbọrọ abo tí kò tíì bímọ rí?

Ọmọ Adáran: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ní àwọn ẹgbọrọ abo màlúù tó fẹ́ẹ̀ tó kí akọ gùn, akọ méjì ni wọ́n sì fi lọ̀ mí, ìran kan náà ni wọ́n. Nọ́ńbà ìrọ̀rùn ìbí, CED (bó bá ṣe ga sí i ni ọmọ akọ náà ṣe ń rọrùn láti bí sí i), ti àkọ́kọ́ jẹ́ +12, àmọ́ kílò 38 ni òun fúnra rẹ̀ wọ̀n nígbà tí wọ́n bí i. CED ti èkejì jẹ́ +4, kílò 32 péré ló wọ̀n lọ́jọ́ ìbí, orí rẹ̀ kéré, èjìká rẹ̀ kò sì gbòòrò. Ẹni tó ń tà wọ́n ní èkejì ni kí n mú, pé ọmọ rẹ̀ kò ní há. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n gbà?

Bàbá Agbo: Àkọ́kọ́ ni. Ọjọ́ orí ìyá akọ, oúnjẹ tó jẹ nínú oyún, ojú ọjọ́, gbogbo rẹ̀ ló lọ́wọ́ nínú kílò 32 tí wọ́n ń kà fún ọ yẹn, kò sì sí èyí tí akọ máa fi jogún fún ọmọ nínú wọn. CED ti ro ìwọ̀n ìbí mọ́ ọn, tòun ti bí àwọn ìbátan rẹ̀ ṣe bímọ. Bí àwọn méjèèjì bá gun irú ẹgbọrọ kan náà, nínú 100 ìbí, à ń retí kí ti àkọ́kọ́ fi nǹkan bí 8 ju ti èkejì lọ nínú àwọn tí ẹnikẹ́ni ò ní fa ọmọ wọn. Ti orí kékeré àti èjìká tóóró, ẹnu ọlọ́jà nìyẹn.

Màmá Oníwàrà: Wo bí ìdánilójú tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà ṣe pọ̀ tó o. Akọ tí kò tíì lọ́mọ nílẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ṣì lè gòkè tàbí kó wálẹ̀. Tí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀, ra àtọ̀ akọ àgbà tí ọmọ rẹ̀ ti pọ̀, kí wọ́n bá ọ fi sí wọn nínú.

Dókítà Ẹran: Ẹ máa wo abo náà pẹ̀lú, ẹ̀yin ará. Ẹgbọrọ tí kò tíì tó nǹkan bí 65% ìwọ̀n tó máa ní tó bá dàgbà tán, ẹ má jẹ́ kí akọ gùn ún. Kó tó bímọ, kó ti sún mọ́ 85%. Àwọn kan máa ń fi ebi pa á lóṣù tó kẹ́yìn kí ọmọ lè kéré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ṣe bẹ́ẹ̀! Ìyá ló máa rẹ̀, kò ní lágbára láti rọbí, wàrà àkọ́kọ́ á sì dín. Tí omi bá ti tú tí wákàtí kan kọjá láìsí ìtẹ̀síwájú, ẹ pè wá.

Ọmọ Adáran: Ẹ ṣé gan-an. Mo fẹ́ tọ́jú àwọn ọmọ obìnrin tí wọ́n bá bí sínú agbo. Ṣé ìyẹn yí nǹkan kan padà?

Bàbá Agbo: Ó yí i. Béèrè nọ́ńbà kejì, CEM, òun ló ń sọ bó ṣe máa rọrùn fún àwọn ọmọbìnrin akọ náà nígbà tí àwọn náà bá ń bí àkọ́bí. Ẹni tó bá ń lé ọmọ kékeré nìkan ṣáá láti ìran dé ìran, abo tí ìbàdí rẹ̀ há ló máa kó jọ. Àwọn ìyá màlúù tó ti bímọ rí nínú agbo rẹ ńkọ́? Tiwọn ò le tó bẹ́ẹ̀, akọ tí ọmọ rẹ̀ ń tètè dàgbà ni kó o wá fún wọn.