Orúkọ tí ó yẹ Richard de Clare ní Yorùbá: ọba, ajẹ́lẹ̀ tàbí olúwa ilẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni ti Richard de Clare, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Strongbow, ọkùnrin tí ó kó ogun láti Wales wọ Írẹ́lándì ní 1170. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ń kọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ohun tí a ó máa pè é ní èdè wa, ìdáhùn mẹ́ta sì ti wọlé. Ẹnìkan ní kí a pè é ní ọba Leinster, ìjọba kan nínú Írẹ́lándì, ẹlòmíràn ní ajẹ́lẹ̀ ni, ẹnì kẹta sì fẹ́ kí a túmọ̀ ìnagijẹ rẹ̀ sí Ọrunlíle. Èmi kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ipò rẹ̀ ní Leinster, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn wúlò gidigidi níbòmíràn nínú ìtàn kan náà, n ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọba. Diarmait Mac Murchada ni ọba Leinster, àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì lé e kúrò nílùú ní 1166. Ó sọdá òkun lọ bá Henry Kejì, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba àyè láti wá jagunjagun láàrin àwọn ọmọ abẹ́ ọba náà. Ó ṣèlérí fún Richard pé òun yóò fún un ní Aoife ọmọbìnrin òun, àti pé Leinster yóò di tirẹ̀ lẹ́yìn ikú òun. Ní oṣù Kẹjọ 1170, Richard gúnlẹ̀ nítòsí Waterford pẹ̀lú jagunjagun ẹlẹ́ṣin bí 200 àti àwọn mìíràn bí 1,000. Ìlú náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́ láàrin ọjọ́ díẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ṣe ìgbéyàwó òun àti Aoife. Dublin tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án, Diarmait sì kú ní oṣù Karùn-ún 1171.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ẹni tí ó ní kí a pè é ní ọba ìbá jàre. Ṣùgbọ́n Henry kò fẹ́ kí ọmọ abẹ́ òun di ọba tí ó dá dúró ní òdìkejì òkun, ó sì fúnra rẹ̀ wá sí Írẹ́lándì ní oṣù Kẹwàá 1171. Richard jọ̀wọ́ ohun gbogbo tí ó ti gbà. Ọba mú Dublin, Waterford àti Wexford fún ara rẹ̀, ó sì dá ìyókù Leinster padà fún Richard lórí àdéhùn pé yóò máa pèsè ẹlẹ́ṣin 100 fún iṣẹ́ ogun ọba. Ẹni tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba, tí ó sì ń fi jagunjagun sìn ín nítorí ilẹ̀ náà, kì í ṣe ọba ní èdè tèmi àti tiyín.

Ìdí mìíràn tún wà tí ó lágbára ju èyí lọ. Oyè tí àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń jẹ ní Írẹ́lándì, láti ìgbà John ọmọ Henry, kì í ṣe ọba. Dominus ni, ní èdè Látìn, ìyẹn ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ilẹ̀ tàbí ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di 1541 tí Henry Kẹjọ wá di ọba Írẹ́lándì. Bí a bá ti ná ọ̀rọ̀ náà “ọba” sórí dominus, kí ni a ó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ó yí padà ní 1541? Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún olórí ńlá àti fún àwọn bíi Richard lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà a nílò ọ̀rọ̀ kan tí yóò gba àwọn méjèèjì láìjẹ́ ọba. Èyí tí mo mú wá ni “olúwa ilẹ̀.” Mo mọ̀ pé etí àwọn kan yóò kọ́kọ́ gbọ́ Ọlọ́run nínú “olúwa,” ṣùgbọ́n lẹ́tà kékeré àti “ilẹ̀” tí ó tẹ̀ lé e yóò yanjú èyí. Mo yẹra fún “onílẹ̀” pátápátá. Onílẹ̀ ní èdè wa ni ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn Leinster sì ń bá àwọn àlejò wọ̀nyí jà lé lórí gan-an nìyẹn. Kò yẹ kí ìtúmọ̀ wa ti dá ẹjọ́ náà kí òǹkàwé tó gbọ́ ọ. “Baálẹ̀” kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé ìrònú ẹni tí ó tẹ ìlú dó wá sọ́kàn, Waterford àti Dublin sì ti wà tipẹ́ kí wọ́n tó dé.

Ajẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ pé ó wúlò. Gbogbo wa mọ ohun tí ó jẹ́ ní ayé Ọ̀yọ́: aṣojú tí aláṣẹ ńlá fi sí ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tí ó ń gba owó orí, tí ó ń fi ojú ọba wo ìlú, tí ọba sì lè pè padà nígbàkígbà. Oyè irú èyí wà ní Dublin. Nígbà tí Henry ń padà lọ ní 1172, Hugh de Lacy ni ó fi síbẹ̀ láti máa bójú tó ìlú náà, ọba yìí kan náà sì fún Hugh ní ilẹ̀ Meath pẹ̀lú ẹrù iṣẹ́ ẹlẹ́ṣin 50. Ọkùnrin kan ṣoṣo, ipò méjì: ajẹ́lẹ̀ ni ní Dublin, olúwa ilẹ̀ ni ní Meath. Nígbà tí wọ́n pa á ní Durrow ní 1186, Meath ni ó di ti Walter ọmọ rẹ̀, kì í ṣe àbójútó Dublin. Richard náà gba irú iṣẹ́ yẹn ní 1173, lẹ́yìn tí ó ti jagun fún Henry ní Normandy. Nígbà tí ó kú ní oṣù Kẹrin 1176, tí wọ́n sin ín sí kàtídírà Christ Church ní Dublin, ọba yan ẹlòmíràn láti máa ṣojú òun, ṣùgbọ́n Leinster dúró de àwọn ọmọ olóògbé. Bí a bá fi ajẹ́lẹ̀ pe méjèèjì, kò ní yé ẹnikẹ́ni ìdí tí ọ̀kan fi di ogún tí èkejì kò sì dì í.

Lórí ìnagijẹ rẹ̀, èmi yóò fi Strongbow sílẹ̀ bí ó ṣe wà, pẹ̀lú àlàyé pé “ẹni tí ọrun rẹ̀ le” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí àmì ohùn bá já bọ́ lára Ọrunlíle, “ọlọ́rùn líle” inú Bíbélì ni òǹkàwé yóò rántí, ìyẹn sì jẹ́ èébú. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé àṣẹ ìgbà ayé rẹ̀ kò pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ́ẹ̀lì (oyè ìjòyè ńlá lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì) Richard tàbí Ẹ́ẹ̀lì Striguil ni wọ́n ń pè é, nítorí ilé olódi rẹ̀ ní Striguil, tí a ń pè ní Chepstow lónìí, àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ sì rò pé inú Striguil yìí gan-an ni Strongbow ti jáde. Ní ti Ẹ́ẹ̀lì, kí a yá a. Àwọn ọmọ Írẹ́lándì náà yá iarla lọ́wọ́ àwọn ará Skandinéfíà, kò sì ba èdè wọn jẹ́.

Ìran rẹ̀ kò le láti kọ bí a bá gbà pé “fitz” tí ó máa ń wà nínú orúkọ wọn jẹ́ “ọmọ” lásán. Richard ọmọ Gilbert ni, Gilbert tí Ọba Stephen fi jẹ Ẹ́ẹ̀lì Pembroke ní 1138, oyè tí Henry kò gbà pé Richard jogún. Isabel de Beaumont ni ìyá rẹ̀. Nínú àwọn baba ńlá wọn ni Richard ọmọ Gilbert mìíràn wà, ẹni tí ó bá William Aṣẹ́gun wá láti Normandy, tí ó sì gba Clare ní Suffolk àti Tonbridge ní Kent. Gilbert, Káńtì (oyè ìjòyè ńlá) ìlú Brionne, ni baba èyí. Baba Gilbert ni Godfrey, ọmọ tí Richard Kìíní, olórí Normandy, bí láìgbé ìyá rẹ̀ níyàwó. Ẹnìkan kọ̀wé pé nítorí Godfrey yìí ni “fitz” fi túmọ̀ sí ọmọ àlè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń fi pè nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí “mac” ti ń ṣe ní èdè Írẹ́lándì, ìgbà tí ó pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n tó máa ń fi sọ orúkọ àwọn ọmọ tí ọba bí síta. Bí orúkọ bá ti di ti ìdílé, bíi FitzGerald, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ jù ni ogún. Ìwé ẹ̀gbọ́n wa lo “àrẹ̀mọ” fún Aoife, fún ọkọ rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ Diarmait lọ́kùnrin láìyà wọ́n sọ́tọ̀. Lábẹ́ òfin Írẹ́lándì, oyè ọba kì í gba ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kọjá sọ́dọ̀ àna. Láàrin àwọn ọkùnrin ìdílé ọba ni wọ́n ti ń yan ẹni tí yóò jọba, kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ àkọ́bí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní rígdamna, “ọmọ oyè” sì ni Yorùbá tí ó bá a mu jù lọ. Lábẹ́ òfin àwọn Nọ́mánì, ìyẹn àwọn ènìyàn Richard tí ìran wọn wá láti Normandy, bí kò bá sí ọmọkùnrin, ọmọbìnrin lè jogún ilẹ̀, ọkọ rẹ̀ yóò sì máa ṣàkóso rẹ̀. Fún èyí, “àrólé” ni kí a lò. Ọmọ oyè ni Domnall Caemánach, ọmọ Diarmait. Ó bá Richard ṣe títí wọ́n fi pa á ní 1175, àmọ́ àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ kò yéé pe ara wọn ní ọba Leinster. Ọ̀kan nínú wọn, Art Mac Murchadha Caomhánach, ni Ọba Richard Kejì bá jagun ní 1394, ó lé ní 200 ọdún lẹ́yìn ìgbéyàwó Waterford. Òfin méjì ń ka ilẹ̀ kan náà sí ti ènìyàn méjì. Bí a bá pe gbogbo wọn ní àrẹ̀mọ, ogun náà kò ní ìdí mọ́.

Àrólé Richard gangan ni Isabel, ọmọbìnrin òun àti Aoife, nítorí Gilbert àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú kí ó tó dàgbà. Ọba ni ó ń ṣàkóso irú ọmọ òrukàn bẹ́ẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀, òun ni ó sì ń yan ọkọ fún un. William Marshal ni wọ́n fún ní 1189, ẹni tí kò ní ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó wá di Ẹ́ẹ̀lì Pembroke ní 1199, tí òun àti Isabel sì tẹ New Ross dó. Wọ́n bí ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin márùn-ún. Àwọn ọkùnrin náà jogún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni ìkẹyìn kú ní 1245, kò sì sí àrólé kankan láti ọ̀dọ̀ wọn. Ní 1247 wọ́n pín Leinster sí ìpín márùn-ún, ọ̀kan fún ẹ̀ka arábìnrin kọ̀ọ̀kan: Carlow, Kilkenny, Kildare, Wexford àti Dunamase.

Ẹ̀gbọ́n wa pe ìpín yìí ní “orí-ò-jorí,” ìyẹn pínpín ogún ní iye orí àwọn ọmọ. Sibyl, tí Kildare jẹ́ ti ẹ̀ka rẹ̀, bí ọmọbìnrin 7, àwọn méjèèje sì pín ìpín ìyá wọn kan ṣoṣo láàrin ara wọn. Nítorí náà “ìdí-igi,” pínpín ogún ní ẹ̀ka ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ló sún mọ́ ọn jù, bí a bá sọ pé àwọn arábìnrin ni igi níbí, kì í ṣe àwọn ìyàwó olóògbé. Láti ẹ̀ka Kilkenny ni Robert Bruce, ọba Skọ́tlándì, ti wá, òun àti Edward àbúrò rẹ̀ tí ó kó ogun wọ Írẹ́lándì ní 1315, tí àwọn méjèèjì sì jẹ́ àtọmọdọ́mọ Diarmait nípasẹ̀ Aoife.

Mo dábàá pé kí ìbẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ náà kà báyìí: “Richard de Clare, Ẹ́ẹ̀lì Striguil, ọmọ Gilbert, ni olúwa ilẹ̀ Leinster lábẹ́ Henry Kejì láti 1171, ó sì jẹ́ ajẹ́lẹ̀ ọba ní Írẹ́lándì láti 1173 títí ó fi kú ní 1176. Isabel ni àrólé rẹ̀.” Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju olúwa ilẹ̀ lọ, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá, kí ó sì fi 1541 dán an wò.