Ẹ bá mi wá ojúlé ṣọ́ọ̀bù kan ní Auburn Avenue, Atlanta

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá àgbà ìyàwó mi, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ń gẹrun fáwọn èèyàn ní Auburn Avenue láyé ọdún 1950, nígbà tí ibẹ̀ ṣì kún fún báǹkì àti ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, títí kan ilé iṣẹ́ ìbánigbófò tí Alonzo Herndon, oníṣòwò aláwọ̀ dúdú kan, dá sílẹ̀ ní 1905. Fọ́tò kan péré ló kù, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun, nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn ti ṣá, 2 tó ṣáájú nìkan ló hàn. Mo ti rin títì yẹn látòkèdélẹ̀, mo ti tú ìwé àdírẹ́sì àtijọ́ ní láíbìrì, mi ò rórúkọ wọn, àbí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì ni wọ́n ti ń gẹrun ni? Ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀nà márosẹ̀ tó gba àárín àdúgbò yẹn kọjá ti gbé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́, máàpù wo ló fi ojúlé kọ̀ọ̀kan hàn kí wọ́n tó la ọ̀nà yẹn, ibo ni mo sì ti lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́?