Ẹ́ńjìnnì wo ló lágbára tó láti fa onísíkì lórí omi?

Oníbéèrè: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ ojú omi alumíníọ́ọ̀mù ni, mítà 4.9, ó wọn kìlò 450 láìsí ẹ́ńjìnnì. Àwo tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 90 họ́ọ̀sìpáwà lọ. Ẹ́ńjìnnì 60 ni mo fẹ́ so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé ó lè fa àgbàlagbà lórí síkì, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tí a ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ láti fi yọ̀ lórí omi? Ẹni tó ń tà á ní eré rẹ̀ dára.

Mẹkáníìkì: Àbúrò, eré kọ́ ló ń dààmú ọkọ̀ síkì. Àgbàlagbà tó wà lórí síkì méjì kò nílò ju kìlómítà 35 sí 42 ní wákátì kan. Ọmọdé ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, 25 sí 30 tó o. Ìgbà tí onísíkì ṣì wà nínú omi dé àyà, tí okùn ti na, tí ọkọ̀ náà sì gbé imú sókè tí kò tíì gun orí omi, ìgbà yẹn ni agbára ń tán. Ẹrù méjì ni ẹ́ńjìnnì ń gbé pọ̀. Bó bá pẹ́, omi á máa ta sí onísíkì lójú, apá á ro ó, á sì ju okùn sílẹ̀. Wọ́n á ní kò mọ̀ ọ́n ṣe, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni kò ká a.

Torí náà, ìwúwo ni kó o kọ́kọ́ ṣírò, má sì ka ọkọ̀ nìkan. Ọkọ̀ 450, ẹ́ńjìnnì 60 nǹkan bíi 115, epo lítà 60 bíi kìlò 45, bátìrì 20, èèyàn mẹ́ta 240, okùn, síkì, jákẹ́ẹ̀tì àti ìdákọ̀ró 50. Ó di 920. Fi onísíkì kìlò 80 lé e, ó pé 1,000. Tí họ́ọ̀sìpáwà kan bá ń gbé ju kìlò 18 lọ, agbára káká ni ọkọ̀ á fi gun orí omi. Tó bá jẹ́ bíi kìlò 11, kíá ló máa dìde. Pẹ̀lú 60, kìlò 17 ló bọ́ sí. Ẹ́ńjìnnì 90 fi bíi kìlò 50 wúwo jù ú lọ, síbẹ̀ bíi kìlò 12 ló máa bọ́ sí.

Olùkọ́ Síkì: Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Síkì ẹyọ kan láti inú omi jíjìn yàtọ̀ pátápátá sí méjì. Ibi tí onísíkì dúró sí kéré, ó ń rì sínú omi pẹ́ kó tó dìde, eré rẹ̀ sì máa ń tó 45 sí 55. Tó bá jẹ́ ohun tí ẹ ń lépa nìyẹn, 60 á kàn máa dá yín lágara ni. Ẹ gba 90.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ká wá so 115 mọ́ ọn ńkọ́, kó lè rọrùn?

Atukọ̀: Rárá o! Ẹ má ṣe kọjá ohun tí àwo wí. Ìdí ọkọ̀ á rì jù, omi á lè gbà á wọlé nígbà tí ẹ bá dín eré kù lójijì, adójútòfò sì lè kọ̀ láti san. Tí àwo bá fi kW (kílówáàtì) kọ ọ́, 67 kW ni nǹkan bíi 90 họ́ọ̀sìpáwà.

Mẹkáníìkì: Kó o tó náwó sí ẹ́ńjìnnì ńlá, wo pùròpẹ́là, ìyẹn abẹ́ tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ agbára nù. Nọ́ńbà méjì ló wà lára rẹ̀: àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀ ní íǹṣì, èkejì ni pitch, ìyẹn bó ṣe máa jìnnà tó tó bá yí lẹ́ẹ̀kan ká ní omi le bí igi. Pitch kékeré dà bíi gíà tí a fi ń gun òkè: ó ń fà dáadáa, eré rẹ̀ ló ń dín kù.

Wo àpẹẹrẹ yìí. Ẹ́ńjìnnì ń yí 5,500 RPM (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan), gíà rẹ̀ jẹ́ 2 sí 1, pùròpẹ́là ń yí 2,750. Pitch 15 á fún ọ ní kìlómítà 63 ní wákàtí kan, yọ bíi ìdá 12 nínú 100 tí omi ń yọ́ jẹ, ó ku 55. Pitch 13 á fún ọ ní bíi 48. Kìlómítà méje tó o pàdánù yẹn, onísíkì rẹ kò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó nílò ìfà tó o jèrè.

Íǹṣì kan nínú pitch máa ń yí RPM padà ní 150 sí 200. Ka ìwé ẹ́ńjìnnì rẹ kó o mọ ibi tó yẹ kó dé, ọ̀pọ̀ jẹ́ 5,000 sí 6,000. Kó gbogbo ẹrù ọjọ́ síkì sínú ọkọ̀, fún un ní gbogbo eré tó ní, kó o ka aago RPM. Tó bá dúró sí 4,800, pitch ti pọ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì tó ń làágùn báyìí á gbóná, èéfín dúdú á lẹ̀ mọ́ ọn nínú, písítìnì sì lè bàjẹ́. Sọ pitch kalẹ̀ ní íǹṣì méjì. Tó bá kọjá 6,000, gbé e sókè.

Oníbéèrè: Tí RPM bá fò sókè tí ọkọ̀ kò sì lọ ńkọ́?

Mẹkáníìkì: Ohun méjì ni. Bóyá pùròpẹ́là ń fa afẹ́fẹ́ nítorí pé wọ́n so ẹ́ńjìnnì ga jù: irin pẹlẹbẹ tó wà lókè pùròpẹ́là yẹ kó bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó ga díẹ̀, kó má ju íǹṣì kan lọ. Bóyá sì ni rọ́bà inú rẹ̀, tó so ó mọ́ irin tó ń yí i, ti ń yọ̀. Fi máákà fa ìlà kan láti ara irin àárín tó ń yí pùròpẹ́là dé ara pùròpẹ́là fúnra rẹ̀, wa ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù, kó o wò ó padà. Tí ìlà náà bá ti ya, rọ́bà ti lọ.

Atukọ̀: Ẹ rántí òkè ilẹ̀ pẹ̀lú. Adágún tó ga ní mítà 1,500 á gba bíi ìdá 15 nínú 100 lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, 60 á di bíi 51.

Olùkọ́ Síkì: Ní ti okùn, mítà 23 ló wọ́pọ̀. Ẹ má ṣe so ó mọ́ irin ìso ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan: ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ so okùn ẹsẹ̀ méjì mọ́ òrùka méjèèjì ní ìdí ọkọ̀, kí ó ní ohun tó léfòó kó má bàa kó sínú pùròpẹ́là, tàbí ẹ fi irin fífà gba orí ẹ́ńjìnnì kọjá. Kí okùn kọ́kọ́ na, kí ẹ tó fún un lépo gírígírí láìjá a. Nígbà tí onísíkì bá dìde, ẹ dín in kù. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa wo ẹ̀yìn, kí atukọ̀ so okùn ìpaná (tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí atukọ̀ bá ṣubú) mọ́ ara, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì kí onísíkì tó gun ọkọ̀.

Mẹkáníìkì: Àbúrò, tí síkì méjì bá tó ọ, ra 60 yẹn, fi pùròpẹ́là pitch 13 sí i, kí èèyàn méjì nìkan wà nínú ọkọ̀. Tó bá jẹ́ tuntun, wákàtí 10 àkọ́kọ́ kò sí fífa ènìyàn kankan. Má ju pùròpẹ́là 15 náà nù. Fi í pa mọ́ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, píìnì àti sípánà, nítorí òkúta kan ṣoṣo lè ká èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò.