Láti Èkó sí Kánò: ṣé kí màmá mi wọ bàálù tó máa yà l'Ábújá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Sábọ̀n Gàrí ní Kánò ni mò ń gbé. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, màmá mi, ẹni ọdún 74, sì fẹ́ wá láti Èkó wá bá wa wẹ ọmọ. Orúnkún ń dùn wọ́n gan-an, mi ò lè jẹ́ kí wọ́n wọ mọ́tò rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ láéláé.

Mo ti wo máàpù. Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed sí ti Aminu Kano níbí tó nǹkan bí 830 kìlómítà lójú sánmà. Bí wọ́n bá gba Àbújá, nǹkan bí 510 ni dé ibẹ̀, kó tó wá ku nǹkan bí 365. Ìyàtọ̀ náà ò tó 50 kìlómítà! Èyí tó ń lọ tààrà máa ń gbà tó wákàtí kan àbọ̀. Orí ilẹ̀ l'Ábújá ni ọkàn mi ò ti balẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èrò tó ń bọ̀ ní Kánò máa ń sọ̀kalẹ̀, àbí wọ́n á jókòó sínú bàálù? Wákàtí mélòó lẹ lò lápapọ̀? Tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ṣé ẹ rí ẹni tó ń fi àga onítáyà ti àgbàlagbà?

Ọyẹ́ ti dé níbí, eruku sì máa ń dá bàálù dúró. Ṣé ti àárọ̀ ni kí n gbà fún wọn ni, àbí ti ọ̀sán?