Ìbéèrè: Wókì-tókì wo ló dára fún ìdílé tó ń gbé ní Houston?

Ìyá Ìbejì (Houston)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Nígbà tí ìjì Beryl jà ní July 2024, iná lọ, íntánẹ́ẹ̀tì lọ, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù wa náà ń ṣe ségesège. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Èmi àti màmá mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ, a ò sì gbúròó ara wa títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo fẹ́ ra wókì-tókì kí àsìkò ìjì míì tó dé. Àwọn ìbejì ti pé ọmọ ọdún 10, wọ́n máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí páàkì inú ẹ́sítéètì wa, mi ò sì tíì fẹ́ ra fóònù fún wọn. Màmá máa ń wà lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n gbin ewédú sí, bí a bá sì pè wọ́n láti inú ilé, wọn kì í gbọ́. Àbúrò ọkọ mi tún wà ní Missouri City, bíi máìlì 10 sí ọ̀dọ̀ wa ní Alief. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ "máìlì 35" sára páálí rẹ̀. Ṣé ó máa dé ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ mi? Ṣé a máa gba láísẹ́ńsì? Ẹ bá mi dá sí i, ẹ jọ̀ọ́.

Baba Tọ́lá (Dallas)

Ẹ kú ewu ìjì o, Ìyá Ìbejì. Ẹ gbàgbé máìlì 35 yẹn. Ibi tí ẹnì kan ti wà lórí òkè, tí ẹnì kejì wà ní àfonífojì, tí igi tàbí ilé kankan ò sì dí wọn lójú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i. Houston tẹ́ pẹrẹsẹ, ilé àti igi sì kún inú rẹ̀ bámú. Láàárín àdúgbò, ohun tí ẹ máa rí lò kò ju ìdajì máìlì sí máìlì kan ààbọ̀ lọ. Bí ẹ bá wà nínú ilé bíríkì, tí ẹni tí ẹ ń pè náà wà nínú ilé, ó tún máa dín kù sí i.

Wọ́ọ̀tì, ìyẹn agbára tó ń fi sọ̀rọ̀, ni kí ẹ máa wò. FRS ni wọ́n ń pe oríṣi tí ìdílé ń lò láìgba ìwé àṣẹ kankan ní Amẹ́ríkà. Ìkànnì méjìlélógún ló ní. Láti ìgbà tí FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó rédíò, ti tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2017, wọ́n fàyè gba wọ́ọ̀tì 2 lórí ìkànnì 1 sí 7 àti 15 sí 22. Ìdajì wọ́ọ̀tì péré ló wà fún ìkànnì 8 sí 14. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ra rédíò gidi, wọ́n á yí i sí ìkànnì 10, wọ́n á wá máa ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ẹ mú ìkànnì kan láàárín 15 sí 22, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n, kí ẹ má sì yí i mọ́.

Fún páàkì àti ọgbà ewédú Màmá, FRS tó, ó tún ṣẹ́kù. Missouri City ni kò lè dé.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ má da ara yín láàmú jàre. Ẹ ra Baofeng UV-5R. Owó rẹ̀ ò pọ̀, ó lágbára ju gbogbo FRS lọ, ẹ sì lè yọ ẹ́ríà (áńtẹ́nà) rẹ̀ kí ẹ fi èyí tó gùn sí i. Mo ní méjì.

Baba Tọ́lá (Dallas)

Àbúrò mi, rọra. Rédíò dáadáa ni, mi ò jà yẹn níyàn. Àmọ́ FCC ò fọwọ́ sí i fún FRS tàbí GMRS, ìyẹn oríṣi tó lágbára ju FRS lọ, tó sì ń gba ìwé àṣẹ. Àwọn tó ṣe ìdánwò, tí wọ́n gba ìwé àṣẹ ham (ti àwọn tó fẹ́ràn rédíò), ló wà fún. Orí ìgbì rédíò 400 dé 520 MHz ló ń sọ̀rọ̀, ó sì tún ń sọ̀rọ̀ ní apá 136 sí 174. Ọmọ ọdún 10 tó bá ń tẹ bọ́tìnnì kiri lè kó wọ inú ìgbì àwọn panápaná tàbí ti ilé iṣẹ́ kan láìmọ̀. Tí ìwọ fúnra rẹ bá fẹ́ fi gbọ́ nǹkan, kò burú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, èmi ò ní gbà á nímọ̀ràn.

Àǹtí Ṣadé (Katy)

Ọ̀rọ̀ ti àbúrò ọkọ yín ni mo fẹ́ dá sí. GMRS lẹ máa nílò níbẹ̀. Dọ́là 35 ni ìwé àṣẹ rẹ̀, ọdún 10 ló ń lò, ìdánwò kankan ò sì sí. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tí kì í ṣe aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè, lè gbà á. Kò dìgbà tí èèyàn bá di ọmọ onílùú. Ibi tó dùn mọ́ mi nínú jù ni pé ìwé kan ṣoṣo yẹn ká ìdílé: ọkọ tàbí aya, ọmọ, òbí, òbí àgbà, ọmọ-ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ ẹ̀gbọ́n, àbúrò bàbá, títí dé orí àna. Àfi bíi pé ìyá Yorùbá kan ló jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ òfin náà! Torí náà bí ẹ bá ti gbà á, àbúrò ọkọ yín ò tún ní san owó míì, Màmá náà sì lè lò ó.

Sáìtì FCC ni ẹ ó ti gbà á. Ẹ máa kọ́kọ́ gba nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní FRN, òun ni ẹ ó fi béèrè fún GMRS. Wọ́n á fún yín ní call sign, ìyẹn orúkọ ìdánimọ̀ yín lórí rédíò. Ẹ gbọ́dọ̀ máa pè é bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ tán, àti ní ìṣẹ́jú 15-15 tí ọ̀rọ̀ bá gùn. Ẹ lè sọ Yorùbá yín tẹ́rùn, àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ní kí ẹ fi pe call sign yẹn.

Ẹ má tìtorí pé ẹ ti ní GMRS kẹ́ ẹ rò pé èyí tí ẹ mú lọ́wọ́ máa dé máìlì 10 o. Rípítà ló ń gbé e débẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sókè gíga ni, ó ń gba ohùn yín wọlé lórí 467 MHz, ó sì ń tún un jù síta lórí 462. Ẹlòmíràn ló sábà máa ń ni ín, ẹ ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iná bá sì lọ, tí rípítà náà ò ní bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀, òun náà ti dákẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni pé kí ilé méjèèjì lo rédíò ńlá tí wọ́n ń dè mọ́ mọ́tò. Òfin gbà á dé wọ́ọ̀tì 50. Kí ẹ wá gbé ẹ́ríà sókè òrùlé. Ní ilẹ̀ tó tẹ́ bíi tiwa yìí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gbọ́ ara yín láìsí rípítà.

Ìyá Ìbejì (Houston)

Ẹ́ríà lókè òrùlé kẹ̀? HOA wa, ẹgbẹ́ àwọn onílé ẹ́sítéètì wa, tó ń kọ lẹ́tà síni nítorí kòkò òdòdó! Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ra ti àdúgbò ná, a ó máa wo ti Missouri City. Mo tún rí i kà pé ó ní "privacy code" 121. Ṣé ẹlòmíràn ò ní gbọ́ wa báyìí?

Baba Tọ́lá (Dallas)

Wọ́n á gbọ́ yín ketekete. Orúkọ yẹn máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Kóòdù yẹn kì í bo ohùn yín. Tiyín ló ń dí létí, kí ẹ má bàa gbọ́ àwọn tó kù tó wà lórí ìkànnì kan náà. Ẹni tí kò bá fi kóòdù sí tiẹ̀ ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ìbejì kí wọ́n má dárúkọ òpópónà yín, kí wọ́n má sì sọ pé "Dádì ò sí nílé." Ẹ má sì rò pé Yorùbá tí ẹ ń sọ máa bo àṣírí o. Alief lẹ wà, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí!

Ìyá Dèjì (London)

Nílé tiwa, ẹ̀rọ kọ́ ló dà wá láàmú, ìkíni ni. Ìyá ọkọ mi á tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ jí dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ará ilé ńkọ́?" Wọ́n á wá máa retí pé ká dáhùn, ìka wọn ò sì kúrò lórí bọ́tìnnì. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí nǹkan yìí. A ń dáhùn, wọn ò gbọ́. Ni wọ́n bá ní àwọn ọmọ òyìnbó yìí ti ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. A wá jọ fẹnu kò pé nílé la ó ti kí ara wa tán. Tó bá ti di orí rédíò, kí á sọ ohun tá a fẹ́ sọ, kí á ní "óvà", kí á gbé ọwọ́ kúrò.

Ẹ tún kọ́ wọn kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí wọ́n tó lanu. Ẹ̀rọ náà máa ń gé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ. Ẹni tó sọ fún ọmọ pé "Má sọdá", "sọdá" lọmọ máa gbọ́. Ẹ ríi bí ìyẹn ṣe léwu tó? Èmi ti yọ "má" kúrò lórí rédíò pátápátá. "Dúró síbẹ̀" ni mò ń sọ. Kí wọ́n mú un jìnnà sẹ́nu díẹ̀, bí ìbú ìka mẹ́ta, kí wọ́n má sì pariwo, torí ariwo máa ń da ohùn rú.

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra FRS ṣe ẹ̀bùn fún wa níbí. Ìgbì rẹ̀ ò bófin mu lọ́dọ̀ wa. PMR446, tó dà bí FRS tiyín, là ń lò: ìdajì wọ́ọ̀tì, ìkànnì mẹ́rìndínlógún, kò sí láísẹ́ńsì.

Ọmọ Ìbàdàn

Tàwa tá a wà nílé wá ńkọ́? Mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi fi méjì ránṣẹ́, fún oko.

Àǹtí Ṣadé (Katy)

NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ló ń pín ìgbì rédíò fáwọn tó ń lò ó ní Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ ti béèrè ohun tí wọ́n gbà láyè kẹ́ ẹ tó náwó. Wókì-tókì lọ́wọ́ ẹni tí kò níwèé, bí àwọn agbófinró bá dá a dúró lójú ọ̀nà, àlàyé rẹ̀ máa pọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Zello ńkọ́? Áàpù tó ń sọ fóònù di wókì-tókì ni, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń dé Missouri City!

Ìyá Kẹ́hìndé (New Orleans)

Zello dára. Nígbà ìjì Harvey ní 2017, òun làwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn ní Houston ń lò. Àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e rìn, Ìyá Ìbejì sì ti sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Kí ó wà lórí fóònù yín, kò ṣèdíwọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà ni bátìrì. Ẹ ra èyí tó lè lo AA. Bátìrì tiẹ̀ tó ń gba ṣája dáa fún ojoojúmọ́, àmọ́ bí iná bá lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, níbo lẹ ó ti ṣájà á? Ẹ tọ́jú AA alkaline sínú ọ̀rá, ẹ má fi í sínú rédíò títí ẹ ó fi nílò rẹ̀, torí omi rẹ̀ máa ń jò, á sì jẹ irin ibi tí wọ́n ń fi bátìrì sí. Ẹ tún wò ó bóyá ó ń gba NOAA, ìyẹn ìkànnì méje tí àjọ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà fi ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tọ̀sán-tòru. Fún ẹni tó wà ní etí òkun bíi tiwa, èmi ò ní ra èyí tí kò ní in.

Nígbà ìjì, ẹ má tan rédíò sílẹ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ fi àdéhùn sí i pé bí aago bá ti lù, kí olúkúlùkù tan tiẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kó tẹ́tí, kó sì pa á. Bátìrì á pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìyá Ìbejì (Houston)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. FRS mẹ́rin ni mo máa rà, tó ń lo AA, tó ní NOAA. Ìkànnì 20 la ó máa lò. Èmi fúnra mi ni n ó bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí ìkíni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà mí.

Baba Tọ́lá (Dallas)

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ páálí àti rìsíìtì nù o. Lọ́jọ́ tó bá dé, kí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì gun kẹ̀kẹ́ dé igun páàkì tó jìnnà jù, kí Màmá wà nídìí ewédú, kí ẹ̀yin wà nínú kíṣìnnì. Bí ẹnì kan nínú yín ò bá gbọ́ dáadáa, ẹ yí i sí ìkànnì míì láàárín 15 sí 22 kẹ́ ẹ tún un gbìyànjú, torí ó ṣeé ṣe kí aládùúgbò kan ti wà lórí 20. Tí kò bá tún gbọ́, ẹ dá a padà fún wọn kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá.