Gbàǹja ti pa eyín mi láró: kí ni kí n ṣe?

Olùkọ́ Ìsẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ni mí ní Ìsẹ́yìn, mo sì ti lé ní ọmọ ogójì ọdún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ gbàǹja, pàápàá ní àsìkò ìdánwò, nítorí pé ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa pọ̀, oorun a sì máa kùn mí. Tíì dúdú tí kò ní wàrà ni mo sì fi ń tì í. N kò ka ohun tí èyí ń ṣe sí eyín mi sí, àfi ìgbà tí fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin jáde, tí mo rí i pé nínú gbogbo ẹbí tó tò síbẹ̀, èmi nìkan ni mo pa ẹnu dé.

Aládùúgbò mi kan ní kí n gún èédú kúnná, kí n pò ó mọ́ iyọ̀, kí n máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó mọ́ eyín. Ẹlòmíràn ní kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mo ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú mi dùn, nítorí pé eyín náà funfun báláú. Ní báyìí, bí omi tútù bá ti kan eyín iwájú, ńṣe ló ń ta mí wọ agbárí, eyín náà sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lọ́nà tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? Ǹjẹ́ eyín mi lè mọ́ láìjẹ́ pé mo fi gbàǹja sílẹ̀ pátápátá?

Atọ́jú Eyín, Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ni mò ń ṣe, irú ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun létí mi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ dá èédú àti ọsàn wẹ́wẹ́ náà dúró lónìí.

Ẹ rántí kóòpù tánganran tí àwọn ìyá wa fi ń po tíì. Nígbà tó ṣì wà ní tuntun, omi lásán ló ń fọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá ti fi yanrìn bó o lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ara rẹ̀ a rí gbágungbàgun, tíì a sì máa rí ibi fara mọ́, títí a ó fi máa pè é ní kóòpù àlòkù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eyín rí. Èèpo òde rẹ̀ ni ohun tó le jù lọ nínú gbogbo ara ènìyàn, síbẹ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ a máa rọ̀ ọ́, èédú tó bá sì tẹ̀lé e a máa bó o lọ. Kì í hù padà. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe funfun rárá, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ni, òun náà ló sì ń jẹ́ kí omi tútù máa ta ènìyàn. Ní kúkúrú, àwọ̀ tuntun tí ẹ ń rí yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Inú eyín yín ló ń yọjú.

Ní ti gbàǹja, ẹ wò ó nígbà tí ẹ bá gé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bí ojú rẹ̀ ṣe ń pọ́n. Itọ́ a máa ta awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sára eyín, awọ yìí ni oje gbàǹja àti ti tíì sì ń rẹ, bí aró ṣe ń mú òwú. Bí a bá tètè yọ ọ́, kò sí wàhálà. Bí a kò bá yọ ọ́, èérí a gbá jọ lé e lórí, a sì le bí òkúta. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí, kí ẹ wo ẹ̀yìn eyín iwájú ti ìsàlẹ̀: ibẹ̀ ni itọ́ ti ń sun jáde, ibẹ̀ náà sì ni òkúta yìí fẹ́ràn jù. Búrọ́ọ̀ṣì kò lè ṣí i, kò sì yẹ kí ẹ fi ọ̀bẹ gbìyànjú rẹ̀ (mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀). Dókítà eyín ni yóò ha á kúrò. Ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì níbí ní Ìbàdàn, ó sì wà ní LUTH, irú rẹ̀ l'Ékòó.

Nílé, ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì (èròjà tí ń dáàbò bo eyín), ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ìṣẹ́jú méjì nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ dì í mú bí ẹ ṣe ń di báírò tí ẹ fi ń máàkì ìwé mú, kì í ṣe bí ẹni ń fọ ìkòkò. Ẹ lè máa jẹ gbàǹja o, ṣùgbọ́n ẹ fi omi yọ ẹnu kété tí ẹ bá jẹ ẹ́ tán. Wàrà díẹ̀ nínú tíì náà a máa dín bó ṣe ń mú eyín kù.

Bàbá Ọlọ́rin

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ṣé búrọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù? Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, orin ata, ìyẹn irú pákò kan, ni mo sì ń run láti kékeré. Ẹ gé e kí ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ rún ẹnu rẹ̀ títí yóò fi di fọ́nrán-fọ́nrán, kí ẹ wá máa fi í nu eyín láti ìdí wá sí ṣóńṣó. Yóò kọ́kọ́ ta yín lẹ́nu, lẹ́yìn náà ahọ́n a kú tipiri. Mo ń jẹ obì lójoojúmọ́, eyín iwájú mi kò sì pọ́n.

Atọ́jú Eyín, Ìbàdàn

Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni pé orin dára, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n run bíi tiyín kò ní ìṣòro púpọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ó ń dé ẹ̀yìn eyín àti ọ̀dọ̀ àwọn erìgì?

Bàbá Ọlọ́rin

Ọmọ mi, o ti mú mi. Èjì ti yọ nínú àwọn erìgì náà.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Èmi lo oògùn tí ń bó àwọ̀ eyín níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí oníṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge ṣe é. Dókítà eyín àti àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ iṣẹ́ náà nìkan ló láṣẹ, hydrogen peroxide, kẹ́míkà tí ń bó àwọ̀ náà, kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 6 nínú 100 lọ. Eyín mi funfun lóòótọ́, àmọ́ eyín kan tí wọ́n ti fi àtọwọ́dá bò tẹ́lẹ̀ kò yí padà, ó wá dá yàtọ̀ láàárín àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ṣáájú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní tirẹ̀ ní ilà eérú lára eyín láti kékeré, nítorí tetracycline, oògùn apakòkòrò kan, tí wọ́n fún un kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Inú eyín ni ìyẹn wà. Bí ẹ bá fi gbogbo èédú Ìsẹ́yìn gbo ó, kò ní kúrò.

Olùkọ́ Ìsẹ́yìn

Mo ti padà dé. Wọ́n ha eyín mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohun tó bọ́ sínú abọ́ ìtutọ́ dúdú bí ìyẹ̀pẹ̀, ahọ́n mi kò sì tíì mọ àyè tuntun tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn eyín náà. Gbogbo ìgbà ló ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà fún mi ní ọṣẹ ìfọyín fún eyín tó ń ta, ó ní ibi tó ti bó kò ní padà, ṣùgbọ́n títa náà yóò rọlẹ̀. Kò funfun láúláú. Ó kàn mọ́. Ìgò omi kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìdánwò báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì rò pé ààwẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.